PÚRÍŃTÀ TÍ KÒ TẸ ÀWỌ̀ MỌ́: KÍ ẸNIKẸ́NI TÓ GBOWÓ LỌ́WỌ́ YÍN, Ẹ KỌ́KỌ́ YẸ ÀWỌN NǸKAN WỌ̀NYÍ WÒ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé àtẹ sójú ọ̀nà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ láti Mowe. Ọ̀rọ̀ púríńtà ni, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ní nílé báyìí.

Ẹnìkan lè ní, kí ló kan ọlọ́jà kan púríńtà? Ó kàn wá, ó sì kàn wá gidi. Láyé àtijọ́, ìrẹsì Ọ̀fàdà kò nílò àmì kankan. Ẹni tó bá rí i, tó bá gbóòórùn ẹ̀, ti mọ̀ ọ́n. Inú ewé la ti ń jẹ ẹ́, ojú ara wa la sì fi ń tà á. Lóde òní, ìrẹsì wa ń lọ sí Èkó, ó ń lọ sí Ìbàdàn, ó ń dé Àbújá, inú ọ̀rá tí a lẹ̀ lẹ́nu ló sì ń wà. Ẹni tó ń rà á lọ́hùn-ún kò mọ ojú wa, kò mọ ìsọ̀ wa. Lébù tó wà lára ọ̀rá ni ojú wa tó ń rí. Ẹ tún wá wò ó, àwọn kan wà tó ń kó ìrẹsì mìíràn sínú ọ̀rá, tí wọ́n á ní Ọ̀fàdà ni. Bí lébù wa bá wá yí àwọ̀ padà lójijì, ta ni oníbàárà máa kà sí ayédèrú? Àwa tí a ni ojúlówó náà ni o.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa gan-an nìyẹn, nígbà tí ọdún Kérésì ń bọ̀ lọ́nà. Lébù tiẹ̀ ní ṣírí ìrẹsì aláwọ̀ ewé, orúkọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹ̀ ní pupa. Láti ìgbà òjò ni kò ti tẹ lébù, rìsíìtì dúdú nìkan ló ń tẹ̀. Nígbà tó wá fẹ́ tẹ lébù ọdún, ṣírí ìrẹsì di búlúù, orúkọ di pínǹkì. Àkókò ti ń lọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rá bẹ́ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Èkó. Oníbàárà rẹ̀ dá gbogbo ẹrù náà padà, ó ní irú èyí kọ́ ni òun ń rà. Owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀, ọjà ọdún sì ti ń kọjá lọ. Ó gbé ẹ̀rọ lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe, ẹni yẹn ò tilẹ̀ tan ẹ̀rọ náà wò, ó ní orí ẹ̀ ti kú, kó lọ ra tuntun. Ó kó owó àjọ sọ́wọ́ kó tó wá bá wa. Ẹ̀rọ kò kú rárá o. Yẹ́lò nìkan ló gbẹ mọ́ ẹnu ihò. Ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì àti ìsinmi alẹ́ ọjọ́ kan ló mú un jáde padà.

Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nítorí ẹ̀ la ṣe ní ká kọ ọ́ sílẹ̀, kí kálukú lè kà á, kí ẹni tí kò lè kà á sì ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sí òun létí.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ìkòkò ká tó sọ pé ọbẹ̀ bàjẹ́. Púríńtà tí a ń sọ yìí kì í fi irin tẹ ìwé bíi táípù. Íǹkì olómi, tí àwọn àgbà ń pè ní tàdáwà, ló ń tu sára bébà. Abẹ́ orí ẹ̀rọ ní ihò ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ihò kọ̀ọ̀kan sì tín-ín-rín ju irun orí èèyàn lọ. Bí orí yìí ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí bébà, bẹ́ẹ̀ ni ihò wọ̀nyí ń ta íǹkì jáde ní ẹ̀kán wínníwínní.

Kí ló ń tì í jáde? Nínú HP àti Canon, iná ni. Ẹ̀yìn ihò kọ̀ọ̀kan ní irin kékeré kan tó ń gbóná lójijì, íǹkì á hó, ìfófòó tó yọ á sì ti ẹ̀kán íǹkì síta, bí omi híhó ṣe ń ti ọmọrí ìkòkò sókè. Wọ́n ní ní ọdún 1977, níléeṣẹ́ Canon ní Japan, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó òjé ló ṣèèṣì kan síríǹjì tí íǹkì wà nínú ẹ̀, íǹkì sì ta jáde. Ichiro Endo tó wà níbẹ̀ ló rí i, ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. HP lọ́tọ̀ ń wá ọgbọ́n kan náà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé ThinkJet jáde ní 1984. Epson ní tirẹ̀ kì í lo iná gbígbóná. Ohun kékeré kan tó ń ràn tó ń sún kì nígbà tí iná mànàmáná bá kàn án ló fi ń ti íǹkì jáde.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ HP kékeré àti Canon kékeré tó ń lo kátíríìjì méjì, ara kátíríìjì gan-an ni orí wà. Tí ẹ bá ra kátíríìjì tuntun, orí tuntun lẹ rà pẹ̀lú ẹ̀. Ní ti Epson, inú ẹ̀rọ ni orí wà títí ayé ẹ̀, íǹkì nìkan lẹ ń rà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní "orí ti kú," ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé níbo ni orí wà nínú ẹ̀rọ tèmi?

ÀWỌ̀ MẸ́RIN PÉRÉ NI

Àwọn baba wa ka àwọ̀ sí mẹ́ta: dúdú, funfun àti pupa. Aró wà lábẹ́ dúdú, yẹ́lò sì wà lábẹ́ pupa, òun ni wọ́n ń pè ní pupa rúsúrúsú. Púríńtà ní tirẹ̀ ka mẹ́rin: dúdú, yẹ́lò, búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ojú sánmà tí wọ́n ń pè ní cyan, àti pupa tó dà bíi pínǹkì tó le tí wọ́n ń pè ní magenta. Funfun ò sí níbẹ̀. Bébà gan-an ni funfun.

Gbogbo àwọ̀ yòókù, àdàlù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra àdìrẹ àti kàm̀pálà ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ò ní jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu, nítorí pé ẹ ti rí ibi tí àwọ̀ kan ti bọ́ sórí ìkejì tó di ẹ̀kẹta. Yẹ́lò pẹ̀lú búlúù di àwọ̀ ewé. Yẹ́lò pẹ̀lú magenta di pupa gidi. Búlúù fẹ́lẹ́ pẹ̀lú magenta di búlúù tó ki bí aró.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, bébà tó jáde ti lè sọ àrùn tó ń ṣe ẹ̀rọ fún yín. Ẹ wò ó báyìí:

Tí ewé bá di búlúù, tí pupa sì di pínǹkì, yẹ́lò ni kò jáde.

Tí ewé bá di yẹ́lò, tí pupa sì wà bó ṣe wà, búlúù fẹ́lẹ́ ni kò jáde.

Tí pupa bá di yẹ́lò, tí ewé sì wà bó ṣe wà, magenta ni kò jáde.

Tí ibi aláwọ̀ bá ṣófo pátápátá, tí bébà funfun ń wò yín, tí ọ̀rọ̀ dúdú nìkan jáde, íǹkì aláwọ̀ ni kò jáde rárá.

Ṣùgbọ́n tí àwòrán bá jáde dáadáa, tí kò ṣófo, àmọ́ tí gbogbo ẹ̀ rí bí eérú, bí fọ́tò ayé àtijọ́, nǹkan mìíràn nìyẹn. Ẹ̀rọ ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Kọ̀ǹpútà ló ní kó má lo àwọ̀. Ẹ̀yí tó ń ṣófo àti ẹ̀yí tó ń di eérú, ọ̀nà wọn jìn síra. Ọ̀pọ̀ owó la ti ná sórí kátíríìjì nígbà tó jẹ́ pé eérú ni tiwa.

IBI TÍ A Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́n, ọ̀nà tí kò gbowó ló ń kọ́kọ́ gbà. Bí a ṣe tò ó nìyí, láti orí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ dé orí èyí tó ń jẹ owó.

Èkíní, ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ irú èyí tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ẹ gbé ohun aláwọ̀ kan sójú gíláàsì ẹ̀, bí ọ̀rá Indomie tàbí kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì fọ́tòkọ́pì aláwọ̀. Tí àwọ̀ bá jáde, ara ẹ̀rọ le, íǹkì wà, inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ni àléébù wà. Tí àwọ̀ ò bá jáde, ara ẹ̀rọ ni ká máa wò. Ẹ̀rọ tí kò ní gíláàsì náà máa ń ní ìwé ìdánwò tó lè tẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìwé tó bá a wá láti inú páálí ló ń sọ bọ́tìnnì tí ẹ ó tẹ̀. Ẹ má sọ ìwé yẹn nù, ẹ má fi di àkàrà.

Èkejì, bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, ẹ ní kí ọmọ tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́ ṣí ibi tí wọ́n ti ń tẹ Print. Kó wọ ibi tí a kọ Properties tàbí Preferences sí. Tó bá rí Grayscale tàbí Black & White tí wọ́n mú, kó yọ ọ́, kó mú Color. Lórí fóònù náà, ibi tí ẹ ti ń yan iye bébà lẹ ó ti rí Color àti Black & White. Àwọn ọmọ a máa mú Grayscale láti fi ṣọ́ íǹkì, wọn á gbàgbé, ẹ̀rọ ò sì ní gbàgbé. Ẹ tún wo lébù náà lójú kọ̀ǹpútà: ṣé òun fúnra ẹ̀ ní àwọ̀? Tó bá jẹ́ fọ́tòkọ́pì dúdú ni wọ́n yà sínú ẹ̀, kò sí bí pupa á ṣe jáde.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kí ẹ wo kátíríìjì. Bó bá jẹ́ tuntun, ṣé wọ́n ti bó téépù tó wà lẹ́nu ẹ̀? Téépù kékeré kan wà tí wọ́n fi ń bo ihò kí íǹkì má baà gbẹ lójú ọ̀nà. Tí a ò bá bó o, íǹkì ò ní jáde láéláé. Èyí tó jẹ́ àmì wúrà tàbí bàbà lára ẹ̀, ẹ má bó o, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń bá kátíríìjì sọ̀rọ̀, ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Ṣé ó jókòó dáadáa? Ẹ tì í títí yóò fi ró "kẹ́." Ṣé dúdú wà ní ipò dúdú, tí aláwọ̀ wà ní ipò aláwọ̀? Ṣé nọ́ńbà ara ẹ̀ bá ẹ̀rọ yín mu? Kátíríìjì HP kan kì í ṣe fún gbogbo HP, bí kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ kan kì í ṣe fún gbogbo ìsọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo bóyá íǹkì wà. Nínú kátíríìjì aláwọ̀ ti ẹ̀rọ kékeré, yàrá mẹ́ta ló wà nínú àpótí kan. Ẹni tí lébù rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé àti pupa, yẹ́lò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tán, torí pé yẹ́lò wà nínú méjèèjì. Bí yàrá kan bá ti tán, ti àwọn méjì yòókù ò lè rọ́pò ẹ̀. Nínú ẹ̀rọ aládàágbá, irú èyí tí a ń da íǹkì sí láti inú ìgò, ojú lẹ fi ń rí i. Ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ju ìlà tí wọ́n fà sí i lára, torí pé bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ọ̀pá tó ń gbé íǹkì, ìyọnu ni. Kí ẹni tó ń dà á sì fara balẹ̀: yẹ́lò tó bá bọ́ sínú dágbá búlúù kò ṣeé yọ mọ́, bí iyọ̀ tó bọ́ sínú ọbẹ̀.

ÌFỌ̀ ORÍ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí gbogbo nǹkan tí a kà sílẹ̀ yìí bá pé, tí àwọ̀ ò sì jáde, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé íǹkì ti gbẹ mọ́ ẹnu ihò. Ìyẹn ló sì pọ̀ jù nínú tiwa, torí pé dúdú là ń lò lójoojúmọ́, àwọ̀ á jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, ọyẹ́ á wá dé, á fa ìwọ̀nba omi tó wà lẹ́nu ẹ̀ gbẹ.

Inú kọ̀ǹpútà tàbí lójú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ni àṣẹ ìfọ̀ wà, wọ́n á kọ ọ́ sí Clean Printhead tàbí Head Cleaning. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á fa íǹkì gba inú ihò kó lè ṣí i. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ tẹ ìwé ìdánwò kí ẹ wò ó. Bí ìlà yẹ́lò tó sọnù tẹ́lẹ̀ bá ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, oògùn ti ń jẹ́, ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ íǹkì, kì í ṣe dúdú nìkan, gbogbo àwọ̀ ló ń jẹ. Íǹkì tó fọ̀ jáde ń lọ sínú fóòmù kan nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, fóòmù yẹn náà sì ń kún. A ti rí ẹni tó fọ orí títí tí kátíríìjì tó kún fi tán láìtẹ lébù kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ pa á, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Íǹkì tútù tó ti dé ẹnu ihò á rọ èyí tó ti gbẹ, bí gààrí ṣe ń rọ tí a bá fún un láyè. Ẹ tún wá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Bó bá ṣì kọ̀, tó sì jẹ́ irú èyí tí orí wà lára kátíríìjì, ẹ lè yọ kátíríìjì náà. Ẹ ki aṣọ funfun tí kì í hó bọ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Omi tí wọ́n ń dà sí bátìrì mọ́tò, omi lásán tí kò ní ásíìdì, ló dára jù, torí pé kò ní ìdọ̀tí. Ẹ fún aṣọ náà dáadáa, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ẹnu ihò kátíríìjì lé e fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹ ó rí àwọ̀ mẹ́ta lórí aṣọ: yẹ́lò, búlúù, pínǹkì. Bí ẹ bá rí mẹ́ta, ó ti là. Bó bá jẹ́ méjì, èyí tó kù ti tán, tàbí ó ṣì dí. Ẹ má fi nǹkan ha á, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ má da kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà.

Bó bá jẹ́ Epson, tí orí wà nínú ẹ̀rọ, ẹ má tú u fúnra yín. Lẹ́yìn ìfọ̀ àti ìsinmi, ẹ wá ọlọ́wọ́ tó mọ̀ ọ́n.

ÌGBÀ TÓ BÁ KÚ LÓÒÓTỌ́

A ò ní parọ́ fún yín, nǹkan a máa kú. Irin tó ń gbóná nínú kátíríìjì HP àti Canon, íǹkì tó yí i ká ló ń tù ú. Bí a bá ń tẹ̀wé lọ nígbà tí íǹkì ti tán, ó di ìkòkò tó wà lórí iná láìsí omi: ó máa jó. Èyí tó ti jó, ìfọ̀ ò ràn án. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi síríǹjì bu íǹkì sínú kátíríìjì, kó má dúró dìgbà tó gbẹ háúháú. Kátíríìjì tí a ti bu íǹkì sí lọ́pọ̀ ìgbà náà máa rẹ̀ níjọ́ kan. Àmọ́ kátíríìjì ló kú yẹn, kì í ṣe púríńtà. Ìyàtọ̀ owó méjèèjì kì í ṣe kékeré.

Bí àwọ̀ bá kú, tí rìsíìtì dúdú sì jẹ́ kánjúkánjú, ọ̀pọ̀ HP kékeré ló ń gbà kí ẹ yọ kátíríìjì aláwọ̀ sílẹ̀ kí dúdú máa ṣiṣẹ́ nìkan. Ẹ fi ìyẹn gba ọjà yẹn ná.

Nígbà tí ẹ bá wá gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ mú ìwé ìdánwò dání, ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi í. Àwọ̀ wo ni kò jáde? Ṣé ara kátíríìjì ni orí wà ni, àbí inú ẹ̀rọ? Kí lo ti ṣe sí i, ká rí ìwé ìdánwò tó jáde lẹ́yìn ẹ̀? Ẹni tó mọṣẹ́ máa dáhùn, inú ẹ̀ á tiẹ̀ dùn pé ẹ mọ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ gbé ẹrù yín, ẹ máa bọ̀.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ Ẹ̀

Ohun tó ń pa púríńtà lọ́dọ̀ wa ju gbogbo ẹ̀ lọ ni iná. Nígbà tí ẹ̀rọ bá parí iṣẹ́, orí ẹ̀ máa ń padà sí igun kan, níbi tí rọ́bà kékeré kan ti ń dé e lẹ́nu kí íǹkì má gbẹ, bí a ṣe ń dé ìgò epo. Bí àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA bá mú iná lọ nígbà tó ń tẹ̀wé lọ́wọ́, àárín ọ̀nà ni orí máa dúró sí láìdé nǹkan. Bí iná ò bá dé títí di ọ̀la, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnu ihò yẹn. Nítorí náà, bí iná bá lọ báyìí, tí jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà bá wà, ẹ tan ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan kó dá orí padà sí ààyè ẹ̀, kẹ́ ẹ wá pa á. Bọ́tìnnì ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi pa á. Ẹ má pa á láti ara ògiri, ẹ má fa wáyà yọ.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ ní iṣẹ́ àwọ̀, ẹ tẹ bébà kékeré kan tí yẹ́lò, búlúù àti pupa wà lára ẹ̀. Íǹkì tí a fi tẹ bébà kan ò tó èyí tí ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀kan máa jẹ. Ẹ dá aṣọ bò ó, pàápàá nígbà ọyẹ́ àti eruku. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fẹ́ ìrẹsì, torí eruku èèpo ìrẹsì kò dára fún un. Kátíríìjì tuntun, ẹ má tú ọ̀rá ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ọjọ́ tí ẹ máa lò ó tó pé, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Nǹkan kan kù nípa lébù. Nínú ọ̀pọ̀ púríńtà kékeré, íǹkì aláwọ̀ máa ń yọ́ bí omi bá kàn án, dúdú sì lè dúró. Ọ̀rá ìrẹsì tó dé Èkó lábẹ́ òjò lè pàdánù ewé ẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ẹnìkan tún ní ayédèrú ni. Ẹ fi sẹ̀lótéépù fífẹ̀ bo lébù náà, tàbí kẹ́ ẹ fi sínú ọ̀rá kejì kójú ẹ̀ máa hàn síta.

IṢẸ́ ÌTẸ̀WÉ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ LỌ́DỌ̀ WA

Kẹ́nikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ju ti ọlọ́jà lọ. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá níbí ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859, nígbà tí Henry Townsend gbé e jáde l'Ábẹ́òkúta, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní gbogbo ibi tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ìfọ́lé ọdún 1867 ló dá a dúró. L'Ábẹ́òkúta yìí náà, ní àwọn ọdún 1940, ni Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà, kí wọ́n tó jọ dìde ta ko owó orí. Ìwé kíkà ló ń jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n kọ fúnra wa. Ìwé ìdánwò púríńtà náà, ìwé ni. Ẹni tó bá lè kà á, wọn ò ní kà á fún un sódì.

Ẹ gé ojú ìwé yìí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ẹ̀rọ yín wà. Ẹni tí tiẹ̀ bá kọ̀ lẹ́yìn gbogbo ohun tí a kọ yìí, kó mú ìwé ìdánwò tó jáde wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, ká jọ wò ó. Ìrẹsì wa á tà, lébù wa á dán, oníbàárà ò ní ṣì wá mọ̀. Ajé á wọgbá o.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ọjà Ọ̀fàdà.